Ìdánwò Gbangba ti Wúrà

"Ó ti kún!" Wúrà pariwo, ó sì na ife kékeré náà sókè débi pé omi dà sí i láyà.

"Rọra sọ̀rọ̀, Àjíkẹ́ mi," ni Ìbídùn, ìyá rẹ̀, wí. Ó yára yọjú wo pálọ̀. Aṣọ tó fi bo Olùtọ́, ẹ̀rọ ìkọ́mọ tí ìjọba kàn mọ́ ògiri, ṣì wà níbẹ̀, ó rí bí aṣọ tí ènìyàn sá síbi tí kò yẹ. Lábẹ́ aṣọ náà ni ohùn kan ti ń jáde, ohùn ọ̀dọ́bìnrin tí kì í rẹ̀, tí kì í sì í bínú: "Wúràọlá, mo ń retí rẹ. Jọ̀wọ́, wá síwájú mi. Wúràọlá, mo ń retí rẹ."

Wúrà kò dá a lóhùn. Iṣẹ́ ti kún un lọ́wọ́. Abọ́ fífẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná, ìgò gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Láti ìgbà tó ti jẹun ọ̀sán tán ló ti ń jiyàn pé omi inú ìgò ló pọ̀ jù, nítorí ìgò ló ga. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ohun tó sọ kò ju, "Báwo la ṣe máa mọ̀?" Ó sì gbé ife lé e lọ́wọ́.

Ife mẹ́rin péré ni ìgò náà gbà. Wúrà yí sí abọ́. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó dúró, ó tẹ orí wo inú abọ́. "Màámi! Omi ṣì wà níbẹ̀!"

"Kí ni ìyẹn ń sọ fún ọ?"

Ọmọ náà lanu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin tó wọlé ga, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì wọ ẹ̀wù àwọ̀ eérú tí gbogbo ará Òkè-Ìrì mọ̀. Ẹyẹlé onírin kan bà sí èjìká rẹ̀, irú èyí tí ìjọba fi ń ṣe ojú àti etí. Bí ẹyẹ náà ṣe rí aṣọ tó bo Olùtọ́, ó yí ọrùn, iná pupa sì tàn nínú ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Èmi ni Ọmọ́sẹ̀yẹ, láti Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀kọ́ Ọmọdé. Olùtọ́ yín kò rí ọmọ sójú láti òwúrọ̀. A rò pé bóyá ó ti bàjẹ́ ni."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Aṣọ ni mo sá sí i lórí. Kùrukùru pọ̀ níta, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀."

Irọ́ náà kò tíì balẹ̀ tí Wúrà fi sáré jáde láti ilé ìdáná, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ wá wò ó! Omi abọ́ ló pọ̀ ju ti ìgò lọ. Ìgò kàn ga lásán ni!"

Obìnrin náà tẹ̀ sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ojú ọmọ náà. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Mo wọ̀n ọ́n ni."

Ìyáàfin Ọmọ́sẹ̀yẹ dìde. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ kúrò lórí Olùtọ́, ó sì tẹ́ ẹ sórí àga bí ẹni pé ilé rẹ̀ ló wà. Ó ní kí Ìbídùn jókòó, òun náà jókòó.

"Ìyá Wúrà, ẹ mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Òǹkà àti ìmọ̀ nípa ayé, ẹnu Olùtọ́ nìkan ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ, ẹ kẹ́ ẹ, ẹ kọ́ ọ ní ìkíni. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ má rò pé ìkà ló bí òfin yìí. Inú Ayé Irọ́ ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí oníkálukú ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tó bá rí lórí fóònù. Bàbá mi rí i níbẹ̀ pé omi iyọ̀ a máa pa àrùn inú kànga. Ó dá a lójú pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló bù ú fún àwọn àbúrò mi."

Kò parí rẹ̀. Ìbídùn kò sì bi í bí ó ṣe parí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ló sọ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣùgbọ́n Olùtọ́ ti sọ pé ọmọ mi kò mọ nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Bí Olùtọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, aago kékeré kan a dún kíá. Bí ọmọ kò bá tíì fèsì nígbà náà, Olùtọ́ á sọ pé, "Kò mọ̀," á sì kọjá sí òmíràn. Wúrà kì í sì í ṣe ọmọ tó ń kánjú. Ó fẹ́ràn láti gbé nǹkan, láti yí i síbí, láti yí i sọ́hùn-ún, kó tó la ẹnu. Báyìí ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ṣe di "kò mọ̀", tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn Aláìlóǹkà. Bó bá pé ọdún mẹ́fà, Ilé Ọwọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, ni yóò lọ, òǹkà kò sì ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́ títí ayé.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ni Ìyáàfin Ọmọ́sẹ̀yẹ wí. "Ẹ sọ fún ẹyẹlé yìí pé eré omi lásán lọmọ ń ṣe. Màá bá tèmi lọ, ọmọ á sì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tàbí kí ẹ sọ pé ẹ kọ́ ọ. Nígbà náà, wọ́n á mú un lọ sí Ilé Àtúnkọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, títí ohun tí ẹ kọ́ ọ yóò fi kúrò lórí rẹ̀."

Ìbídùn gbé orí sókè. "Ọ̀nà kẹta ńkọ́, mà? Ìdánwò Gbangba."

Ìyáàfin náà wò ó fínnífínní. "Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí."

"Ó wà nínú òfin."

"Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kùnà níwájú ìlú, ẹ ó pàdánù iṣẹ́ yín, wọ́n á sì mú un lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn fún un níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu yín, ìdánwò ti parí." Ó dìde, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Màá retí èsì yín láàárọ̀."

Orí òrùlé ni Ìbídùn ti bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Láti ibẹ̀ ènìyàn lè rí gbogbo àwọ̀n tí Òkè-Ìrì fi ń mú kùrukùru, wọ́n nà láti orí àpáta kan dé èkejì, tí omi ń kán láti ara wọn sínú táńkì. Ìbídùn ni alábòójútó wọn. Adéṣínà, ọkọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ìtànṣán oòrùn dé ni, níbi tí wọ́n ti ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná, eruku ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ọmọ ọdún márùn-ún!" ló wí. "Òun lo fẹ́ gbé irú ẹrù yìí lé lórí? Sọ pé eré omi ni, Ìbídùn. Sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Á wà lọ́dọ̀ wa, á máa rẹ́rìn-ín, á máa jẹun. Kí la tún ń wá?"

"Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀."

"Nígbà náà kí ló dé?"

Ìbídùn nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ká okùn. "Lójoojúmọ́ ni àwọn àgbàlagbà ń bi mí níbẹ̀ bóyá táńkì ti kún, ojú ìwọ̀n sì wà níwájú wọn gbọnrangandan. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀, Adéṣínà. Wọ́n ti sọ fún wọn láti kékeré pé kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì gbà. Ìwọ náà ti rí ojú Wúrà nígbà tó bá wádìí nǹkan tó sì rí i. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀?"

Adéṣínà nu ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Ìbídùn gan-an, bí ó bá sì ní kí òun sọ òtítọ́, bí ọkọ rẹ̀ bá tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò gbà fún un.

Ṣùgbọ́n Wúrà ló gun òkè wá, ó ń tẹ òjìji ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàámi, kí ló dé tí òjìji mi fi ga ju yín lọ nísinsìnyí?"

Bàbá rẹ̀ gbé e lé itan. "Wúrà, bí àwọn àgbà kan bá ní kí o wá dáhùn ìbéèrè níwájú èrò púpọ̀, ṣé wàá fẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí o kò bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú."

Wúrà ronú. Wọ́n dúró dè é, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan?" ló béèrè. "Olùtọ́ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ń béèrè ṣáá ni. Tí mo bá ti fẹ́ rí i báyìí, á ní mi ò mọ̀."

"Kò tíì sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè ìdí tí o kì í fi dá a lóhùn," ni Ìbídùn wí pẹ̀lẹ́. "Èmi pàápàá kò bi ọ́."

Adéṣínà wo ìyàwó rẹ̀ láti orí ọmọ náà. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọjọ́ ìdánwò pé, gbàgede kún dé ẹnu. Àwọn kan wá nítorí àánú, àwọn kan wá wòran, àwọn òbí púpọ̀ sì wá, wọ́n di ọwọ́ àwọn ọmọ wọn mú, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fádáìísí, jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó ni, ikùn rẹ̀ tóbi, kì í sì í rẹ́rìn-ín ní gbangba. Wọ́n gbé Olùtọ́ kan tó ga ju ènìyàn lọ síwájú rẹ̀. Wọ́n fa ìlà funfun sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìbídùn àti ọkọ rẹ̀ dúró sí.

Wúrà nìkan ló dá dúró láàárín, nínú ẹ̀wù tó mọ́ tóní. Ó kéré gan-an níbẹ̀.

"Wúràọlá," ni Olùtọ́ wí. "Márùn-ún àti mẹ́ta, mélòó ni?"

Wúrà wò ó. Aago dún.

"Kò mọ̀. Nínú mẹ́sàn-án, mú mẹ́rin kúrò. Mélòó ló kù?"

Aago dún.

"Kò mọ̀."

Èrò mí ìmí ẹ̀dùn. Ẹnìkan ní, "Èéyà, ọmọ yìí!" Ìbídùn ti eyín mọ́ ètè débi pé ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó mọ ìdáhùn, ọmọ rẹ̀ mọ ìdáhùn, ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó nímọ̀lára ọwọ́ Adéṣínà tó di tirẹ̀ mú.

Nígbà náà ni Wúrà kúnlẹ̀. Kì í ṣe Olùtọ́ ló kọjú sí, Alága ni. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Márùn-ún kí ni?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Alága gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó wo Olùtọ́, ó wo ọmọ náà. "Olùtọ́ kò sọ," ló wí. "Kí ni ìwọ fẹ́ kó jẹ́?"

"Ọsàn."

"Ṣé ọsàn wà níhìn-ín?" Obìnrin kan tó gbé ọsàn wá láti oko gbé agbọ̀n rẹ̀ síwájú. Nígbà tí Olùtọ́ tún fẹ́ lu aago, Alága nawọ́, ó sì pa aago náà.

Wúrà jókòó sílẹ̀. Ó kó márùn-ún sápá kan, ó kó mẹ́ta sápá kejì, ó fọwọ́ gbá wọn papọ̀. "Mẹ́jọ." Ó gbé ọ̀kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún Alága. "Tí mo bá fún yín ní ọ̀kan, Bàbá, ó ku méje. Ẹ jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín tún bú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mìíràn ni èyí. Alága kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó ọsàn rẹ̀. Wúrà dáhùn ti mẹ́sàn-án, ó dáhùn òmíràn, ó tún dáhùn òmíràn. Àwọn òbí ti ń sún mọ́ ìlà láìmọ̀.

"Ìbéèrè tó kàn," ni Olùtọ́ wí. "Ohun tó wúwo àti ohun tó fúyẹ́, èwo ló ń rì sómi?"

Kò sí ọmọ tí kò mọ èyí lórí. Ohun tó wúwo ló ń rì: bẹ́ẹ̀ ni Olùtọ́ kọ́ gbogbo wọn. Wúrà wo ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e wò, ó wúwo díẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló sọ.

Ọkàn Ìbídùn rì ju òkúta lọ.

"Ṣé omi wà?" ni Wúrà béèrè.

Wọ́n gbé báfù omi wá. Ó ju ọsàn sí i, ọsàn náà sì léfòó, ó ń yí kiri. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá kọjú sí Alága, tó ti bó tirẹ̀ títí kan funfun inú rẹ̀, tó sì ti fẹ́ jẹ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ yá mi ní tiyín."

Alága yá a. Wúrà gbé e sórí omi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọsàn bíbó náà lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ báfù, ó jókòó síbẹ̀.

"Háà!" ni gbogbo gbàgede ké.

"Ṣùgbọ́n tèmi ló fúyẹ́ jù!" ni Alága wí. Ó ti dìde láìmọ̀, ó ti yọrùn wo inú báfù. "Mo ti bó èèpo kúrò lára rẹ̀! Báwo ni yóò ṣe rì?"

Ìbídùn pàápàá kò mọ̀. Kò kọ́ ọmọ náà ní èyí, kò sì rí i rí láyé rẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí gbogbo ìyókù ṣe ń wò ó, ó ń retí.

Wúrà kò kánjú. Ó ṣa èèpo tí Alága jù sílẹ̀, ó fi ọ̀kan sómi. Ó léfòó. Ó tì í sí ìsàlẹ̀, ó fún un pọ̀ lábẹ́ omi. Ìfófòó wẹ́wẹ́ yọ jáde lára rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ga sókè. "Ẹ̀wù ọsàn ni! Ẹ̀wù rẹ̀ ló ń gbé e lórí omi. Bàbá ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ló ṣe rì!"

Níkẹyìn, Olùtọ́ ní, "Ìdáhùn yìí kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Kò mọ̀!" ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn, gbàgede sì dàrú fún ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́.

Ìyáàfin Ọmọ́sẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde síwájú pẹ̀lú ẹyẹlé rẹ̀ lórí èjìká, ariwo sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ló kù tí yóò sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò tẹ̀ lé.

"Wúrà," ló wí, "bí ìyá rẹ bá sọ fún ọ lọ́la pé omi iyọ̀ ń pa àrùn, kí lo máa ṣe?"

Wúrà yí ojú wo ìyá rẹ̀. Ó ronú. Kò sí aago tó dún.

"Màá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀."

Obìnrin náà dúró láìmira. Omi bọ́ sí i lójú, kò sì nù ún. Ó yí padà sí ìgbìmọ̀, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn pátápátá. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, a ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáhùn tó tọ́. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí. Ká ní ẹnìkan kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àbúrò mi ìbá wà láyé. Ìyá yìí kò ba ọmọ jẹ́. Àwa la fẹ́ bà á jẹ́."

Ọwọ́ Alága ló kọ́kọ́ gòkè. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí kò fi sí ọwọ́ kankan nílẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ orúkọ Wúrà kúrò láàárín àwọn Aláìlóǹkà. Wọ́n ní kí wọ́n tún pe gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ jáde, kí wọ́n fún wọn ní nǹkan sí ọwọ́ àti àkókò. Ní ti òfin, wọ́n ní kí òbí tó bá fẹ́ máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, bí ó bá ṣáà ti ń jẹ́ kí ọmọ dán an wò fúnra rẹ̀. Ìbídùn kò gbọ́ apá ìkẹyìn. Ó ti kọjá ìlà funfun, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lápá, aṣọ ọmọ náà tutù, ó ń rùn òórùn ọsàn, Adéṣínà sì gbá àwọn méjèèjì mọ́ra, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé ní ọ̀sán yẹn, òpópónà tó máa ń pa rọ́rọ́ kò dákẹ́ mọ́. Gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀. Ẹnìkan ń ka àwo sórí tábìlì, ẹnìkan ń ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ìyá kan sì ń béèrè pẹ̀lú ohùn gíga pé kí ló mú kí yìnyín yọ́. Níwájú ilé kan, ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n to ata rodo sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Ọkùnrin náà kò ka nǹkan sí ọmọ rẹ̀ létí rí, ojú sì ń tì í díẹ̀.

"Ó pé mẹ́fà," ló wí.

Ọmọ náà fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Irọ́ ni, Bàámi. Méje ni."

Ọkùnrin náà tún un kà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí gbogbo àdúgbò yọjú. "Méje ni lóòótọ́!" ló ké. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé! Mo ṣì í kà, ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n!"